Mọ́géèjì wọn wà lọ́wọ́ báńkì: ṣé ìyàwó lè pààrọ̀ kọ́ńtíráàtì fóònù báyìí?

Ìyá_Kinnira
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba ni mò ń wá gan-an, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú àwa tá a wà nílé náà lè dá sí i. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé Leeds pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Wọ́n ti rí ilé tí wọ́n fẹ́ rà, bróòkà, ìyẹn alágbàtà, ti bá wọn fi ìwé ránṣẹ́ sí báńkì fún mọ́géèjì, owó tí báńkì ń yáni láti fi ra ilé, báńkì ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kọ́ńpìnnì fóònù ìyàwó ẹ̀ fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ pé kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ń parí lọ, wọ́n tún pè é pé kó wá gba fóònù tuntun. Ìyàwó ní òun ń gbà á, pé ojú èyí tó wà lọ́wọ́ òun ti fọ́ yánkanyànkan. Ọkọ ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé báńkì á rí i, mọ́géèjì á bàjẹ́. Ló bá di ariwo. Àwọn méjèèjì wá pè mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí WhatsApp, kálukú fẹ́ kí n bá ẹnìkejì wí. Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Sábó, kí ni mo mọ̀ nípa mọ́géèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?

Bàbá_Tákíè
Ìyá wa, ẹ kú ẹjọ́ dídá. Èmi ò gbọ́ irú èyí rí o. Ilé ọ̀tọ̀, fóònù ọ̀tọ̀. Tí mo bá fẹ́ yáwó ní báńkì láti fi kọ́lé, mánẹ́jà á wá máa bi mí pé fóònù wo ni mò ń lò? Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn gba fóònù ẹ̀ jàre, ahun ló ń yọ ọkọ ẹ̀ lẹ́nu.

Ajílété_Bolton
Bàbá, ẹ má bínú sà, ti ibí yàtọ̀. Nílé, owó la fi ń ra fóònù, a ra káàdì sí i, ó tán. Níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í san owó fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ńpìnnì á gbé e fún onítọ̀hún, á wá máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, owó ìpè àti dátà á wà nínú ẹ̀. Gbèsè nìyẹn, bó ti wù kí wọ́n fi ẹ̀rín gbé e fún èèyàn tó. Kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ wọ́n á kọ́kọ́ lọ wo bí ẹni náà ṣe ń san gbèsè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìyẹn Experian, Equifax àti TransUnion. Àwọn yẹn náà ni báńkì tó ń yáni lówó ilé ń lọ bá. Wíwò yẹn ni wọ́n ń pè ní hard search, ó máa ń wà lójú ìwé fún bí ọdún kan, ẹni yòówù téèyàn bá tún lọ tọrọ owó lọ́dọ̀ ẹ̀ á rí i. Soft search, ìyẹn wíwò fẹ́rẹ́, ní tiẹ̀ ò ní hàn sí ẹlòmíì, ẹni tó ni ìwé nìkan ló lè rí i.

Mẹ́séèjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyàwó yẹn, kì í ṣe pé wọ́n dìídì fẹ́ràn ẹ̀. Ofcom, àwọn tó ń ṣọ́ kọ́ńpìnnì fóònù níbí, ló sọ ọ́ di dandan láti February 2020 pé kí wọ́n sọ fún èèyàn tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ bá ku ọjọ́ 10 sí 40 kó parí. Kò ní kó pààrọ̀ ní túláàsì. Tí kò bá ṣe nǹkan kan, láìnì ò ní kú, á máa lọ lóṣooṣù bó ṣe ń lọ. Kó kàn wò ó pé ṣé wọ́n á já owó fóònù tó ti san tán kúrò nínú bíìlì, torí àwọn kan máa ń já a, àwọn míì á máa gba gbogbo ẹ̀ lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Engineer_UnderG
Ẹ̀gbọ́n Bolton, ẹ má dẹ́rù ba ìyá wa. Èmi náà gbé Manchester kí n tó padà wálé, ìgbà tá à ń ra ilé lọ́wọ́ gan-an ni mo gba fóònù tuntun, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún wa. Máàkì tó yọ lára skọ́ọ̀ mi, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fúnni lórí bá a ṣe ń san gbèsè, ò tó nǹkan, kò sì pẹ́ tó fi padà sí i. Àwọn èèyàn kàn ti sọ skọ́ọ̀ yẹn di òrìṣà, wọ́n á jí láàárọ̀ wọ́n á kọ́kọ́ lọ kí i.

Ajílété_Bolton
Hahaha ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ pé tiyín lọ geere ò sọ pé ti ẹlòmíì á lọ bẹ́ẹ̀ o ẹ̀gbọ́n.

Aṣírí_Owó
Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ mi nìyí, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn tó ń tọrọ mọ́géèjì wò ni mo wà ní Birmingham, kò yẹ kí n dárúkọ wọn. Engineer ò parọ́, Bolton náà ò parọ́. Hard search kan ṣoṣo kì í sábà ba nǹkan jẹ́ fún ẹni tí ìwé ẹ̀ mọ́. Ẹni tó máa ń pa lára ni ẹni tó ti wà létí bèbè tẹ́lẹ̀, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, ìwé ẹ̀ ò tíì nípọn, tàbí owó tó fẹ́ kọ́kọ́ san sílẹ̀ kéré, tàbí ó ti tọrọ káàdì káàkiri láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Skọ́ọ̀ tẹ́ ẹ sì ń rí lórí áàpù kọ́ ni báńkì ń lò, báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tiẹ̀, wọn ò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká gbé skọ́ọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Báńkì ń wo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Wọ́n máa ń yáni ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ owó ọdún kan, àmọ́ gbèsè tó ń jáde lóṣooṣù á bù nínú ẹ̀. Tí fóònù tuntun bá jẹ́ £45 lóṣù fún oṣù 24, £1,080 nìyẹn. Fún ẹni tí owó ẹ̀ fẹ̀, kò ní jọ nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ pé ibi tí owó tó fẹ́ yá dé náà ni agbára ẹ̀ mọ gẹ́ẹ́, ó lè jẹ́ £45 yẹn ló máa tì í subú.

Èyí tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé báńkì lè tún padà lọ wo ìwé yẹn lẹ́yìn tó ti fún wọn ní lẹ́tà pé òun gbà, nígbà tó bá ku díẹ̀ kó san owó ilé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é, àmọ́ ẹ ò lè mọ èyí tó máa ṣe é. Wọ́n ti kọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn wọn sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Tí gbèsè tuntun bá wá yọjú, ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù àti ohun tó wà nínú ìwé ò bára mu mọ́ nìyẹn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á ní kí wọ́n wá ṣàlàyé. Wọ́n lè má tìtorí ẹ̀ sọ pé rárá o, àmọ́ ó lè fa nǹkan sẹ́yìn, ẹni tó ń ta ilé sì lè má ní sùúrù yẹn, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Bàbá_Tákíè
Nítorí fóònù. Ọlọ́run ṣàánú wa.

Ìyá_Kinnira
Aṣírí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ fún ìyàwó. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ òun ò gba fóònù mọ́, síìmù nìkan lòun fẹ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì míì tó pọ́ọ́kú. Ó ní òun á kàn fagi lé owó tí wọ́n ń yọ ní àkáǹtì òun lóṣooṣù, òun á gbé nọ́ńbà òun lọ, ó parí. Ṣé kò sí wàhálà nínú ìyẹn?

Aṣírí_Owó
Háà, ẹ bá mi sọ fún un kó dúró o!! Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé hard search làwọn èèyàn ń bẹ̀rù nígbà tó jẹ́ pé èyí ló ń pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Téèyàn bá fẹ́ gbé nọ́ńbà ẹ̀ lọ, á kọ ọ̀rọ̀ náà PAC ní mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí 65075, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́, kóòdù yẹn á ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30. Ọjọ́ tí nọ́ńbà bá dé ibi tuntun ni ti àtijọ́ á kú. Àmọ́ kò tíì parí o, kọ́ńpìnnì àtijọ́ á ṣe bíìlì ìkẹyìn, tí kọ́ńtíráàtì ò bá sì tíì pé, wọ́n lè ro owó oṣù tó kù mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti lọ fagi lé Direct Debit, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù yẹn, ní báńkì, ta ló máa san bíìlì yẹn? Wọ́n á kọ lẹ́tà, lẹ́tà á lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ sílé tuntun. Wọ́n á wá fi sójú ìwé pé lágbájá ò san owó lásìkò. Bíìlì ọ̀hún lè má ju £20 lọ. Ọdún 6 ni máàkì yẹn máa ń lò lójú ìwé. Ẹ fi wé hard search tó jẹ́ ọdún kan, tí kò sì burú tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti rí fáìlì tọkọtaya kan tó dúró torí irú bíìlì bẹ́ẹ̀, wọ́n ní owó oṣù tó dáa, wọ́n ti tọ́jú owó àkọ́san ilé, àfi gbèsè fóònù tí ẹnì kankan nínú wọn ò rántí. Ó ṣe mí láàánú, àmọ́ kí ni mo lè ṣe.

Torí náà kó fi Direct Debit yẹn sílẹ̀ títí bíìlì ìkẹyìn á fi jáde tí wọ́n á sì yọ owó ẹ̀. Tàbí kó tiẹ̀ dúró síbi tó wà, kó gbàgbé nípa pọ́ọ́kú, títí wọ́n á fi gba kọ́kọ́rọ́. Báwo ni pọ́ọ́kú ọ̀hún ṣe fẹ́ pọ̀ tó?

Engineer_UnderG
Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì kan náà ńkọ́? Èmi ò lọ síbòmíì nígbà tèmi, upgrade ni mo ṣe.

Aṣírí_Owó
Upgrade lọ́dọ̀ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn kan kì í ṣe hard search, àwọn kan ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ìdí tí skọ́ọ̀ yín ò fi yẹ̀ púpọ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí wọn ò tiẹ̀ wo ìwé, gbèsè fóònù tuntun á ṣì yọ lójú ìwé. Síìmù nìkan lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì kan náà ló rọrùn jù, kódà ó lè mú owó tó ń jáde lóṣù wálẹ̀, báńkì ò ní bínú sí ìyẹn. Kó sáà kọ́kọ́ bi wọ́n kí wọ́n tó tẹ nǹkan kan pé "ṣé hard search lẹ máa ṣe?", kó má gbà kí wọ́n sọ fún un pé kó má ṣèyọnu. Síìmù olówó káàdì, èyí tí wọ́n ń pè ní pay as you go, kò sí ẹni tó ń wo ìwé ẹnikẹ́ni torí ẹ̀.

Múfú_Fóònù
Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ ná, ẹnì kan ò tíì sọ̀rọ̀ nípa fóònù fúnra ẹ̀. Ojú ló fọ́, àbí? Fóònù ò kú. Iṣẹ́ mi ni ní Tákíè níbí, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń pààrọ̀ ojú fóònù pọ̀ ní Leeds náà. Kó lọ pààrọ̀ ojú ẹ̀. Tí ìyẹn bá wọ́n jù, kó fi owó ra àlòkù tó ṣì dáa, kó ki síìmù àtijọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí kọ́ńtíráàtì, kò sẹ́ni tó máa wo ìwé. Ẹ̀yin kàn ń sọ gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ajílété_Bolton
Múfú, ó yẹ kí wọ́n sanwó fún ẹ lórí èyí o. Àlòkù tí ò wọ́n ṣá, ìyá, kí wọ́n má lọ fa owó gọbọi yọ nínú owó àkọ́san ilé, torí báńkì ti gba ìwé àkáǹtì wọn.

Sikira_Caretaker
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo fi tèmi bọ̀ ọ́. Ìjọba àpapọ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń yọ owó NHF, owó àjọdá fún ilé, lára owó oṣù mi, mo fẹ́ lọ béèrè owó ilé. Mo ra fóònù tí mò ń san díẹ̀díẹ̀, mo ti pẹ́ san lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tì í pa mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé èyí náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó ilé ní Nàìjíríà? Àbí ti ìlú ọba nìkan ni?

Akọ̀wé_Báńkì
Àǹtí Sikira, ó lè dé ibẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Tákíè tàn yín (ẹ dákun sà). Nílé níbí náà a ní àwọn tó ń tọ́jú ìwé gbèsè, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, CBN ló fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ọdún 2017 ni Òfin Credit Reporting jáde. BVN ni wọ́n fi ń mọ èèyàn, torí náà bẹ́ ẹ lọ yá owó ní báńkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa ń já sí. Tí ilé-iṣẹ́ tó gbé fóònù fún yín bá ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí wọn, á hàn. Owó áàpù náà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí áàpù tí wọ́n wá yọ síìmù jùnù, wọ́n rò pé ó ti tán. Kò tán. Láti 2020 pàápàá, CBN ti gbé ètò GSI kalẹ̀, báńkì tẹ́ ẹ jẹ lówó lè gba owó ẹ̀ nínú àkáǹtì yín tó wà ní báńkì míì.

Ní ti NHF, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń yọ, téèyàn bá ti dá a tó oṣù 6 ó lè béèrè. Ẹ ò ní lọ bá FMBN, báńkì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, tààrà, báńkì mọ́géèjì kan ló máa bá yín gbé ìwé lọ. Ibi tó ga jù tí wọ́n lè yáni dé báyìí jẹ́ mílíọ̀nù 50 náírà. Báńkì mọ́géèjì yẹn náà ló máa béèrè ìwé gbèsè yín. Òfin fún yín láyè láti gba ìwé yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ́dọ̀ wọn, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ, ẹ san owó fóònù yẹn tán, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tí kì í ṣe tiyín níbẹ̀, ẹ pariwo.

Sikira_Caretaker
Yé, mo dúpẹ́ gidigidi. Owó tó kù lórí fóònù ọ̀hún ò tiẹ̀ pọ̀, àárẹ̀ ọkàn ni ò jẹ́ kí n san án.

Bàbá_Tákíè
Akọ̀wé, mo gbọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ nípa ti báńkì. Ti ahun yẹn ṣì dúró.

Ajílété_Bolton
Ìyá Kinnira, nǹkan míì tẹ́ ẹ lè sọ fún wọn ni ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ó máa ń yọ àwa Yorùbá lẹ́nu níbí. Ẹnì kan á máa jẹ́ Olúwaṣeun lójú páásípọ́ọ̀tù, Ṣeun lójú bíìlì fóònù, báńkì wá gbé orúkọ bàbá sípò orúkọ ẹ̀. Ìwé gbèsè lè pín sí méjì bẹ́ẹ̀, ti fóònù tó ti ń san dáadáa fún ọdún púpọ̀ ò ní bá ti báńkì pàdé. Kí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì bára mu níbi gbogbo. Kí wọ́n má sì tíì lo àdírẹ́ẹ̀sì ilé tuntun fún fóònù kankan kí wọ́n tó kó débẹ̀. Ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ọmọ Commonwealth ni wá, òfin gbà wá láyè, báńkì sì máa ń fi ìyẹn mọ̀ pé ibi téèyàn sọ pé òun ń gbé ló ń gbé lóòótọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ará wa ṣe pọ̀ tó tí wọn ò mọ̀.

Ìyá_Kinnira
Ẹ gbà mí o. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìyàwó ti gbà, ó ní òun á lọ pààrọ̀ ojú fóònù, síìmù á wà bó ṣe wà. Ọkọ wá ń yọ̀, ó ń fi mẹ́séèjì ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ṣé mo rí i. Bó ṣe di alẹ́ ni ìyàwó tún pè mí, ó ní kí n bi àbúrò mi léèrè kí ló lọ ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní ọjọ́ Sátidé, pé ó ti kọ orúkọ àti owó oṣù ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, mọ́tò tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Kò sì sọ fún bróòkà o!

Engineer_UnderG
😂😂😂 Ẹni tó ń ṣọ́ fóònù!

Bàbá_Tákíè
Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ahun nìkan.

Aṣírí_Owó
Háà. Ìyá, mọ́tò wúwo ju fóònù lọ jìnnà o, owó oṣù kan lórí ẹ̀ lè ju ti fóònù oṣù mélòó kan lọ. Kó pe àwọn tó ń ta mọ́tò yẹn lóòní, kó bi wọ́n pé ṣé iye tó máa ná an ni wọ́n kàn bá a wò àbí wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀ tán. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn wò ó fẹ́rẹ́, soft search ni yóò jẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi ránṣẹ́, hard search ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ, torí àwọn olówó mọ́tò míì máa ń fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan pa pọ̀. Kó má fọwọ́ síwèé mọ́tò kankan, kó sì pe bróòkà fúnra ẹ̀ kó tó di pé báńkì pè é. Ohun téèyàn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ, bróòkà á mọ bó ṣe máa gbé e kalẹ̀.

Torí wọ́n jọ ń gba mọ́géèjì ni, ìwé àwọn méjèèjì ti so pọ̀ báyìí, ti ẹnì kan lè ran ti ẹnìkejì. Kí kálukú wọn lọ gba ìwé tiẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n sì wò ó lójú ara wọn.

Ìyá_Kinnira
Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sórí gúrúùpù tí àwa mẹ́ta wà. Ìyàwó ti fi àtàǹpàkò sí i. Ọkọ ti kà á, àmì búlúù ti yọ, kò fèsì.

Múfú_Fóònù
Ẹ bá mi bi ìyàwó pé irú fóònù wo ni, kí n lè sọ iye tí kò gbọdọ̀ san jù fún ojú ẹ̀.